Ọlọ́run Kò Gbà Kí N Kúrú

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá mi, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣèpàdé kó tó dá mi. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ má pa á bí ẹni tí ebi ń pa o! Ẹ ṣé.

Fún àwọn tí kò mọ̀ mí, èmi ni Bọ́sẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde níbí, èyí tó máa ń tẹrí ba kó tó gba ẹnu ọ̀nà fẹ́stírì ṣọ́ọ̀ṣì wa yìí wọlé. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, básíkẹ́ẹ̀tì, ni mo fi ṣiṣẹ́ ṣe. Èkó ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo gbá a dé orílẹ̀-èdè Tọ́kì, mo gbá a fún Nàìjíríà, ọdún tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì. Orúnkún mi méjèèjì ṣì pé. Ẹ̀rí nìyẹn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo wá jẹ́ lónìí. Ẹ̀rí tí mo wá jẹ́ ni pé Ọlọ́run gbà mí lọ́wọ́ àdúrà yín.

Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo ti ga ju bàbá mi lọ. Ọkàn Mọ́mì ò balẹ̀. Wọ́n ní ta ni yóò fẹ́ òpó iná? Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ, pé tí wọ́n bá gba orí ẹsẹ̀ ọmọ kọjá, ọmọ náà kò ní ga mọ́. Gbogbo ìyá ló ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ nítorí ẹ̀. Mọ́mì tèmi ló ní kí n na ẹsẹ̀ sí kọ́rídọ̀, wọ́n wá ń pe àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n gba orí ẹ̀ kọjá! Alhaja tó ń ta aṣọ, tí a jọ ń gbé ilé kan náà, bá wọn kọjá. Ṣùgbọ́n bí Mọ́mì bá ti yíjú báyìí, Alhaja á tún gba orí ẹsẹ̀ mi padà síbi tí wọ́n ti wá, nítorí tí ẹni tó kọjá bá tún gba ibẹ̀ padà, ó ti tú u nìyẹn. Wọ́n á ní, "In ṣáà Allah, wàá ga dé ibi tí Ọlọ́run kọ fún ọ."

Nígbà tí ìyẹn kò ṣiṣẹ́, Mọ́mì mú mi wá síbí, sọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ Àdúrà. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ó rántí. Ẹ da òróró sí mi lórí, ẹ gbé ọwọ́ lé e, ẹ wá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń ki gàrí sínú àpò. Ẹ pàṣẹ fún egungun mi pé kó dúró. Ẹ tún gbààwẹ̀ sí i! Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀yìn rìn bí arúgbó, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi. Èmi náà wá ń bẹ Ọlọ́run pé kó jọ̀ọ́ gbọ́ tiyín.

Kò gbọ́. Ṣe ni mo ń ga sí i.

Tíṣà eré ìdárayá kan láti Ìjagun ló rí mi níbi ìdíje àwọn ilé ìwé. Kò tíì béèrè orúkọ mi tó fi ju bọ́ọ̀lù sí mi, mo sì fi ọwọ́ kan hán an. Ó tẹ̀lé mi délé. Ó sọ fún àwọn òbí mi pé ohun tí wọ́n ń sunkún lé lórí ni àwọn ẹlòmíì ń wá káàkiri ayé. Dádì gbà lójú ẹsẹ̀. Mọ́mì gbà nígbà tí wọ́n gbọ́ pé bọ́ọ̀lù lè mú mi wọ yunifásítì.

Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀ nínú Olúwa. Ní Tọ́kì, a dé fáínà, àṣekágbá ìdíje. A fi póìnti kan ṣáájú, eré sì ti fẹ́ parí. Ọ̀kan nínú àwọn alátakò wa sáré dé abẹ́ àwọ̀n, ó fò, ó ju bọ́ọ̀lù. Àwọn èrò tiwọn ti ń pariwo pé ó ti wọlé. Mo fò tẹ̀lé e. Kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ mi ló bà á o, orí ìka àárín yìí ni, ẹ wò ó. Bọ́ọ̀lù yẹ̀, ó gbá irin, ó já sílẹ̀. Fèrè dún. Kọ́ọ̀pù di tiwa! Mo dojú bolẹ̀ lórí ilẹ̀ onípákó, mo ń sunkún, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé ayọ̀ kọ́ọ̀pù ni. Ẹgbẹ́ Àdúrà ni mo ń rò. Ká ní Ọlọ́run gbọ́ tiyín díẹ̀ péré, ká ní ó gé mi kù ní ìwọ̀n èékánná, bọ́ọ̀lù yẹn ti wọlé.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, ìyá kan láti Ìbẹ̀fun mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá síbi àdúrà. Ọmọ náà ga, ó sì ti tẹ̀ bí mo ṣe tẹ̀ nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ní kí a bá òun dá a dúró. Ìyá Ẹgbẹ́ Àdúrà wa yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Bọ́sẹ̀, ìwọ gba àdúrà yìí. Àwa gba irú ẹ̀ nígbà kan, Ọlọ́run ló yọ wá."

Mo gbé ọwọ́ lé ọmọ náà. Mo ní, "Olúwa, má dá a dúró. Fi kún un."

Ìyá ọmọ náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n wá ṣe àmín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Wọ́n wà níbí lónìí, àwọn àti ọmọ wọn, lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run tí kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá ní kó ṣe. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká yọ̀. Ọmọ mi, ìwọ náà dìde. Mo ń rí ọ, o ṣì tẹ orúnkún. Dìde tán. Jẹ́ kí ìjọ rí ọ.