Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìyàwó Mi Ṣì Wà Láàyè

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn ọmọ mi. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí ni pé ọmọ mi obìnrin fẹ́ wọ yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bó bá ti débẹ̀, àṣírí mi yóò tú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ìlú Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ni mo sì ń ṣe. Mo ti tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Mo pẹ́ kí n tó kàwé. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi, nígbà tí mo ti ní irùngbọ̀n. Nítorí náà, ipò mi níbi iṣẹ́ kò ga. Bí ọ̀rọ̀ mi kò bá tò dáadáa, ẹ má bínú.

Àṣàkẹ́ ni orúkọ ìyàwó mi. Róbó ló ń ṣe tà ní Ọjà Akẹ̀sán. Àìsàn ráńpẹ́ ló ṣe é, ó sì kú. Bọ́láńlé, àkọ́bí wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ ilé-ìwé girama nígbà náà. Àbúrò rẹ̀ kò tíì mọ bí a ṣe ń wẹ̀ fúnra ẹni.

Ìgbà tó kú ni mo tó mọ̀ pé róbó ló ń bọ́ wa. Owó oṣù mi kì í rí ìparí oṣù. Mo wá iṣẹ́ tí mo lè máa ṣe bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n ní kí n máa gun ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gun ọ̀kadà ní ìrọ̀lẹ́, ta ni yóò wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ?

Lọ́jọ́ kan mo rí odó Àṣàkẹ́ lẹ́yìn ilé, òjò ti kún inú rẹ̀. Mo da omi náà nù. Èmi ni mo máa ń bá a po ẹ̀gúsí lílọ̀ nígbà ayé rẹ̀, nítorí ó gba agbára kí òróró tó jáde lára rẹ̀. Mo mọ iye ata tó ń fi sí i. Mo mọ̀ pé ó máa ń fi atalẹ̀ díẹ̀ sí i, èyí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jà. Mo ní kí n dán an wò.

Èyí tí mo kọ́kọ́ dín jóná. Òmíràn túká sínú epo. Nígbà tó yá, mo fún Bọ́láńlé ní ẹyọ kan. Ó gé e jẹ, ó wá sọ pé, “Bàbá, ti Màmá nìyí.” Ó bọ́ síta, ó lọ sunkún. Ìgbà tó padà wọlé, ó ní, “Ẹ ti di Ìyá Oníróbó nìyẹn.” Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ.

N kò lè tà á ní Akẹ̀sán. Gbogbo wọn mọ̀ pé Àṣàkẹ́ ti kú. Bí wọ́n bá rí mi pẹ̀lú igbá róbó, àwọn kan yóò káàánú mi, àwọn kan yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. N kò fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí mo ṣe wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ Sátidé kan nìyẹn. Mo lọ sí Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta gààrí, ṣúgà àti bisikíìtì. Ìyá Délé ni wọ́n ń pè é. Ó tọ́ róbó mi wò, ojú rẹ̀ là.

“Ta ló ṣe é? Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀yin ni o! Róbó tí ọkùnrin ṣe, ta ló mọ ibi tó kọ́kọ́ fọwọ́ họ?”

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mo ronú kan àwọn ọmọ tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò. Mo ní, “Ìyàwó mi ni.”

“Mo mọ̀! Ọwọ́ rẹ̀ dùn. Ẹ bá mi kí i dáadáa o. Ọlọ́run á fún un ní ẹ̀mí gígùn.”

“Àmín,” ni mo wí.

Irọ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi fúnra mi rò pé yóò parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ni mo ń padà lọ, gbogbo Sátidé ni wọ́n sì ń kí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ mí ní Ọkọ Oníróbó. Bí mo bá ti sọ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n á ní, “Ọkọ Oníróbó ti dé! Ẹ sọ fún Màmá pé ata ọ̀sẹ̀ tó kọjá le o!” Èmi náà á ní yóò gbọ́.

Kí n má tún parọ́ mìíràn mọ́ eléyìí, ó dùn mọ́ mi. Ní Ọ̀yọ́, opó ọkùnrin ni mí. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ń gbọ́ òórùn ẹ̀gúsí lára mi, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti ní obìnrin tuntun tó ń se ọbẹ̀ fún mi níkọ̀kọ̀. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ní ìyàwó. Bí mo bá ń dín róbó ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, tí àwọn ọmọ kò sí nítòsí, mo máa ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo máa ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ pé, “Àṣàkẹ́, Ìyá Délé ní kí n kí ọ.” Ọkàn mi máa ń balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. A kò rí oúnjẹ tì. Owó ilé-ìwé kò wọ́n wa.

Ìgbà kan wà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, n kò lè lọ. Nígbà tí mo padà dé ọ̀hún, Ìyá Délé béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò mọ ohun tó sún mi sọ pé ara ìyàwó mi ni kò yá. Háà! Ẹ wo bí àwọn obìnrin ìsọ̀ náà ṣe ṣe. Wọ́n kó máńgòrò jọ kún báàgì. Ìyá Délé mú aṣọ àǹkárá tuntun kan wá, ó ní kí ìyàwó mi ró o bí ara rẹ̀ bá le. Ó ní gbogbo ìjọ àwọn ni yóò gbàdúrà fún un. Mùsùlùmí ni mí. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo ń ṣe àmín sí ìwòsàn ẹni tí mo ti fọwọ́ ara mi gbé sínú ilẹ̀.

Èmi àti àwọn ọmọ jẹ máńgòrò náà. Ó dùn. Mo sọ fún wọn pé oníbàárà ló fún mi. Aṣọ náà wà nínú àpótí ìyá wọn dòní.

Bọ́láńlé wá rí yunifásítì wọ lọ́dún yìí, ti Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an. Ayọ̀ ni kò jẹ́ kí n ronú. Bí mo ṣe dé ìsọ̀ ni mo sọ ọ́ fún Ìyá Délé. Ó dìde, ó jó. Ó ní yàrá kan ṣófo fún un ní ilé tó kọjú sí ìsọ̀ òun.

Ó ní, “Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ máa gbé e wá o, Ọkọ Oníróbó. Ìyá ọmọ ni kó gbé ọmọ wá fún mi. Ó ti tó gẹ́ẹ́ tí mo ti ń kí ẹni tí n kò rí. Ẹ sọ fún un pé kó ró aṣọ tí mo fún un.”

Mo ní yóò gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo ń dín róbó, Bọ́láńlé ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Mo ti ní, “Àṣàkẹ́...” kí n tó rántí.

Ó gbójú sókè. “Bàbá, kí lẹ fẹ́ bá Màmá sọ?”

Mo ní kò sí. Ó wò mí títí, ó sì padà sí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Bí mo bá lọ bá Ìyá Délé, n kò mọ bí mo ṣe máa wojú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àdúrà tó gbà yẹn. Bí mo bá sọ fún Bọ́láńlé, ó lè ní mo sọ ìyá òun di ọjà. Bí mo bá sì dákẹ́, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ lọ ra gààrí ni wọn yóò bi í pé ìyá rẹ̀ ńkọ́. N kò fẹ́ kó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, àti lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ róbó yẹn.

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni màá sọ níkẹyìn. Ẹ kàn bá mi wá bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀. Ohun tó sì ń dùn mí jù, kì í ṣe ìtìjú. Bí mo bá ti sọ òótọ́ yìí, ta ni yóò tún ní kí n bá òun kí Àṣàkẹ́?