Bàbá Tó Ń Gbé Inú Àná

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Friday kan, níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní New Carrollton, lẹ́bàá Washington, mo gbọ́ tí ọ̀dọ́kùnrin kan ń tú inú rẹ̀ fún màmá àgbàlagbà kan tó bi í ní ìdí tó fi fajú ro.

"Mà, nọ́ọ̀sì ni mí ní ìlú àgbẹ̀ kékeré kan ní Kansas; ìpàdé iṣẹ́ ló gbé mi wá síbí. Dókítà ni ìyàwó mi. Iṣẹ́ ló gbé òun àti ọmọbìnrin wa lọ sí erékùṣù tínńrín kan láàárín òkun Pàsífíìkì. Ilẹ̀ ọ̀la ti máa ń mọ́ lọ́dọ̀ wọn kí tiwa tó ṣú."

"Háà! Ṣé ẹ̀ ń ráyè sọ̀rọ̀ ṣá?"

"À ń sọ̀rọ̀, mà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí, mo pe ọmọ náà lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, mo ń kọrin fún un. Ó ní, 'Daddy, ọjọ́ ìbí mi ti lọ. Kí ló dé tí ẹ máa ń wà nínú àná?'"

"Nínú àná," màmá náà tún un sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Kí lo wá sọ?"

"Mo yára pa fóònù. Látìgbà náà, ojú ń tì mí láti tún pè."

"Ọmọ mi, kò bínú, ó kàn ń béèrè ni. Ṣé ó ti jí báyìí?"

"Àárọ̀ Saturday ni lọ́dọ̀ wọn, mà."

"Pè é."

Ó pè é. Nígbà tí ọmọ náà gbé fóònù, bàbá rẹ̀ bi í pé:

"Àbẹ̀kẹ́ mi, ọ̀la ń kọ́?"

Ohùn kékeré náà dáhùn, gbogbo wa sì gbọ́ ọ: "Ó dáa, Daddy. Òjò ń rọ̀. Ẹ máa bọ̀."