Làmídì Dìde Láti Lọ Kírun

Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tẹ́tí sí mi. Inú yàrá àwọn tí ìjọba fẹ́ yẹgi fún ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Adájọ́ ti dá ẹjọ́ ikú fún mi, ẹjọ́ náà sì tọ́. Èmi ni mo pa Làmídì, aránṣọ ará Ìṣẹ́yìn, ọ̀rẹ́ tí mo fẹ́ràn jù lọ ní Enugu.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni iṣẹ́ káfíńtà gbé mi dé ìlú náà, nígbà tí ilé púpọ̀ ń wá ilẹ̀kùn àti fèrèsé tuntun. Ogui New Layout ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Làmídì sì ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Háà, ayé ìgbà yẹn dùn! Bí kùrukùru bá ṣì bo orí òkè láàárọ̀, ẹ ó ti máa gbọ́ ohùn obìnrin tó ń polówó òkpà gbígbóná, oúnjẹ àwọn Ìgbò tó dà bí mọ́ínmọ́ín. Èmi àti Làmídì á jẹ ẹ́ nínú ewé kan náà. Bí àwọn ọmọ wa bá fi Pijin dá wa lóhùn, àwa méjèèjì la jọ ń bá wọn wí.

Ìjọ Yorùbá kékeré kan wà ní Uwani, èmi ni mò ń dá orin níbẹ̀. Bí mo bá gbé ohùn sókè, àwọn àgùnbánirọ̀ tí àárò ilé ń sọ á máa nu ojú wọn. Mo fẹ́ràn Ọlọ́run nígbà náà, n kò purọ́.

Ohun tó bà mí jẹ́ kéré. Mo fi ìrókò tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ gbẹ́ ọpọ́n ayò kan, a sì ń ta á lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kúkú mọ òfin ayò. Ẹni tó ń borí ni ọ̀ta, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ní ọ̀pẹ, títí kan ìran rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bú kò gbọdọ̀ bínú. Bí a bá ti dìde, ọ̀rọ̀ parí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo ti múra ṣọ́ọ̀ṣì tán, mo ní ká ta ẹyọ kan péré. Ẹyọ kan di mẹ́ta. Orin àkọ́kọ́ ti kọjá kí n tó dé. Ẹnikẹ́ni ò bá mi wí.

Nígbà tó yá, ìyàwó mi wá bá mi lábẹ́ igi, tòun ti Bíbélì lọ́wọ́.

"Bàbá Dúpẹ́, ṣé ẹ ò gbọ́ agogo ni?"

"Mo gbọ́. Máa kó àwọn ọmọ lọ, mò ń bọ̀."

"Ohun tí ẹ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Wọ́n ti ń wá ẹlòmíràn tí yóò máa dá orin o."

Làmídì dá sí i. "Ọ̀rẹ́, dìde jàre. Ayò ò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá lọ."

Mo ní, "Ọ̀pẹ! Ẹ̀rù ló ń bà ọ́."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín.

Làmídì yìí, bó ti wù kí ayò dùn tó, bí àkókò ìrun bá tó, á bu omi àlùwàlá sínú búta, á lọ kírun, á sì padà wá. Èmi á jókòó máa retí rẹ̀, bí ẹni pé òun nìkan ni Ọlọ́run dá. Ọdún ń gorí ọdún. Ó wá di pé bí mo bá jí, ọpọ́n ni mo kọ́kọ́ ń rántí, àdúrà ń tẹ̀ lé e. Nígbẹ̀yìn, àdúrà ò tẹ̀ lé e mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ló ṣẹlẹ̀. Làmídì ti pa mí láyò lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà karùn-ún, ìgbà tí ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dára ni ó dìde.

"Ìrun ọ̀sán ti tó o."

"Jókòó ká parí ẹ̀!"

"Ó di ìgbà tí mo bá dé."

Mo fa ẹ̀wù rẹ̀. "Ò ń sá ni! Ojo!"

Ó já ẹ̀wù rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bú mi bí ọ̀ta ṣe ń bú ọ̀pẹ. "Ọ̀pẹ ọmọ ọ̀pẹ! Ò ń ta ayò, o ò mọ̀ ọ́n ta. O ní ò ń sin Jésù, o ò sìn ín. Èwo gan-an lo wá mọ̀ ọ́n ṣe?"

Àwọn tó ń wòran bú sẹ́rìn-ín. Eré ni, mo mọ̀ pé eré ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí wọra. Ó ti kẹ̀yìn sí mi, búta wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí mo gbé ọpọ́n náà là á mọ́ ọn nípàkọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Omi ìrun ń ṣàn lọ sínú yẹ̀pẹ̀ pupa. Mo ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní kí ẹ má ṣeré. Bóyá rédíò ni tiyín, bóyá bọ́ọ̀lù ni, bóyá ẹjọ́ wẹ́wẹ́ lójúde ni. Ohunkóhun tí ẹ kò bá lè dìde nídìí rẹ̀ nígbà tí Ọlọ́run bá pè yín, ẹ yáa sá fún un nígbà tó ṣì kéré.

Ogún ti pín báyìí. Àbúrò Làmídì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ sí Ìṣẹ́yìn. Opó rẹ̀ jogún ọmọ mẹ́rin láìsí bàbá. Dúpẹ́ mi jogún orúkọ tí kò ṣeé dáhùn láàárín ẹgbẹ́. Ìyàwó mi kó ayùn, òòlù àti gbogbo irinṣẹ́ mi, ó rù wọ́n lọ fún àkọ́bí Làmídì. Ọmọ náà gbà wọ́n. Ó ránṣẹ́ sí mi pé òun ń fi wọ́n kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n kí n má tíì bẹ òun, kí n kọ́kọ́ lọ bẹ Ọlọ́run ná.