Ẹṣin Tó Kọ̀ Tí Kò Yà

Nínú ọkọ̀ kọ̀rọ̀pẹ́ tó ń ti Ẹnuwá bọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Obìnrin kan tó ti Amẹ́ríkà dé ń ròyìn fún ìyá rẹ̀ bó ṣe gun ẹṣin láàárín òkè àpáta nínú aṣálẹ̀.

“Mo fa ìjánu kó yà sọ́tùn-ún, ó dúró gbagidi. Ìgbà tí mo wo ilẹ̀ dáadáa ni mo rí ọ̀gbun.”

“Yéè! Ọmọ mi!”

“Inú àgọ́ la sùn. Bílẹ̀ ṣe mọ́, mo lọ bá ẹṣin náà níbi tí wọ́n so ó sí, mo ní, ‘Ẹ ṣé àná o.’ Àwọn òyìnbó tá a jọ lọ ń fi mí rẹ́rìn-ín.”

“Wọn ò mọ̀ ni. Tó o bá padà débẹ̀, sọ fún un pé ìyá ẹ náà ní, ẹ ṣé àná.”

“Màmá, ó ti tó oṣù mẹ́ta.”

“Àná ni lójú tèmi.”