Eyín Tí Mo Fi Agbára Dè

Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì mi, kí ẹ jókòó ti Ìyá Olùkọ́. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ la àyà mi. N kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ẹ rántí irin mẹ́rin tí ẹ rì sínú egungun àgbọ̀n Ìyá, tí ẹ ní kí n ṣe eyín tí yóò jókòó lé wọn lórí. Èmi tí ẹ ń pè ní Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́ ni mo ṣe é. Nígbà tí mo gbé e lé ẹ̀dà ẹnu wọn tí mo fi ẹfun mọ, tí mo yí ìṣó ọ̀tún tó dè é mọ́ irin le, apá òsì gbé sókè. Àlàfo náà kò ju fọ́nrán irun lọ. Ojú lè má rí i, ṣùgbọ́n èékánná mi mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí n gé irin tó so eyín náà pọ̀, kí n tún un jó pọ̀. Ẹ̀yin sì ti pè lẹ́ẹ̀mejì. Ni mo bá yí ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le pinpin títí àlàfo fi pa dé. Òkè ló pa dé o. Irin ń bá irin jà nísàlẹ̀.

Ẹ bi mí pé, "Ṣé ó jókòó dáadáa?" Mo ní, "Ó jókòó, sà." Ahọ́n mi kò tilẹ̀ kólòlò. Nígbà tí a dè é sí Ìyá lẹ́nu tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó ń fà mí lẹ́nu." Mo ní yóò mọ́ wọn lára. Èmi náà ní ìyá, mo sì wí bẹ́ẹ̀ fún ìyá ẹlòmíràn.

Lóṣù kẹta ìṣó tú, mo tún un yí, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lóṣù keje egungun ti jẹrà, irin méjì yọ tòun tọyún. Dókítà, ẹ bá wọn wí níwájú mi pé wọn kì í fọ ẹnu. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ́tótó ní, "Ẹ má bínú, bóyá mi ò fọ̀ ọ́ tó." Bàtà mi ni mò ń wò.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ẹ ní kí n mú ẹ̀dà ẹnu náà wá, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé iṣẹ́, mo fi òòlù fọ́ ọ, mo ní ó já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ tiẹ̀ pẹ̀tù sí mi lọ́kàn. Láti ìgbà náà, Ìyá kì í sọ̀rọ̀ láìfi ọwọ́ bo ẹnu, bí wọ́n ṣe bò ó nísinsìnyí yìí.

Ìyá, ẹnu yín mọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo fẹ́ tọrọ ìdáríjì. Ṣùgbọ́n Dókítà, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n nítorí ìbáwí ọjọ́ yẹn ná. Èmi á dúró.