Oṣù Tí N Kò Rí

Ẹ̀yin ará mọ́sálásí wa, àsàlámù àlékúmù. Bàbá Alájì ti kéde fún yín pé láti ọdún yìí lọ, èmi Gàníyù onífọ́tò ni yóò máa ṣíwájú àwọn tó ń lọ wo oṣù ààwẹ̀ fún àdúgbò wa, nítorí pé ojú mi ríran. Wọ́n ní kí n dìde kí n dúpẹ́. Mo ti dìde, ṣùgbọ́n ọpẹ́ kọ́ ni mo dìde fún. Ọ̀rọ̀ kan ti wà ní ikùn mi láti ọdún méje sẹ́yìn, bí mo bá sì gba ipò yìí láìsọ ọ́ jáde, n kò ní lè gbójú sókè wo sánmà mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá sá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò tíì dé ìdajì ogún, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1982, n kò rí oṣù. Mo purọ́ pé mo rí i nítorí pé mo fẹ́ wo eré kan lórí tẹlifíṣàn, irọ́ yẹn ló sì gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ Àmúdà.

Àmúdà tí ẹ ń pè ní Àmúdà Àìróṣù, tó ń dáko ní Kuta báyìí, ni mo ń wí. Àwọn ọmọdé inú yín lè má mọ̀ pé kì í ṣe àgbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń rán ọnà sí ọrùn agbádá, kò lo ẹ̀rọ. Agbádá tí Bàbá Alájì wọ̀ nígbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé, Àmúdà ló rán ọnà ọrùn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré, èyí ló jẹ́ kí ohun tí mo ṣe burú tó bó ṣe burú.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tíṣà Ògúnbáyọ̀ nìkan ló ní tẹlifíṣàn ní àdúgbò wa. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, èmi, Àmúdà àti Abọ́dúnrìn ọmọ Bàbá Alájì á lọ tò sí ojú fèrèsé tíṣà. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á ní kí a wọlé wá jókòó sórí ẹní. Eré Òyìnbó kan ni a ń tìtorí rẹ̀ lọ. Orúkọ rẹ̀ gùn, kò sẹ́ni tó lè pè é nínú wa, a kúkú sọ ọ́ ní Ọkọ̀ Òkè. Wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan sínú ọkọ̀ pé kí wọ́n máa fò kiri láàárín ìràwọ̀, kí wọ́n máa pín lẹ́tà fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Wọn kì í débi tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀rọ kan wà láàárín wọn tó ń rìn bí ènìyàn, tó máa ń sunkún bí ẹnikẹ́ni bá sín. Ọ̀gá wọn ló ń pa wá lẹ́rìn-ín jù. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, kò sì jẹ́ lo awò. Á na ìka sí ìta fèrèsé ọkọ̀, á ní, "Òun nìyẹn. Mo rí i kedere." Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á yọjú, wọn ò ní rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀gá ń bà wọ́n, wọ́n á ní, "A rí i, sà." Wọ́n á sì lọ já síbi tí wọn ò mọ̀. Àmúdà mọ ọ̀gá yẹn í ṣe. Á dé igbá ìyá rẹ̀ lórí, á na ìka sí ilé adìyẹ, á ní òun rí i kedere, àwa yòókù á sì dáhùn pé, "A rí i, sà." Nígbà tó yá, wọn ò gbé e sáfẹ́fẹ́ mọ́. A retí rẹ̀ títí, a fi dàgbà.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, ìgbà òjò ni ààwẹ̀ bọ́ sí. Abọ́dúnrìn ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọjọ́ pípẹ́, ó wá kí bàbá rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ fídíò kan dání tó fẹ́ fún àna rẹ̀ ní Èkó. Ó pè mí sí yàrá lọ́jọ́ kan, ó fa kásẹ́ẹ̀tì kan yọ. Ó ní, "Gàní, o ò lè mọ ohun tó wà nínú èyí. Ọkọ̀ Òkè ni. Wọ́n tún ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́hùn-ún, mo sì gbà á sílẹ̀." Ẹ̀yin ará, n kò lè ṣàlàyé bí inú mi ṣe dùn tó. Mo ti níyàwó, mo ti bí Nàfísátù, mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò tèmi, àmọ́ ńṣe ni mo di kásẹ́ẹ̀tì náà mú bí ọmọdé tó rí ìyá rẹ̀ tó ti ọjà dé.

Ẹ mọ òfin ilé Bàbá Alájì. Láti ọjọ́ tí ààwẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi aṣọ funfun bo tẹlifíṣàn, wọ́n ní ojú pẹ̀lú ń gbààwẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ṣí i títí oṣù yóò fi lé. Bí oṣù bá lé, Ìyá Hàbíbátù, ìyàwó wọn, á ká aṣọ náà kúrò, ariwo ọmọdé á sì gba ilé. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, Abọ́dúnrìn ní, "Ọ̀la ni mo ń padà sí Èkó o. Bí oṣù bá lé lónìí, a ó jọ wò ó lálẹ́. Bí kò bá lé, ó di ìgbà mìíràn nìyẹn." Mo ní kó fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀rọ ta lo fẹ́ fi wò ó?" Kò sí ilé mìíràn tí mo mọ̀ tó ní irú ẹ̀rọ yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Alájì rán èmi, Àmúdà àti Mùrí tó ń wa mọ́tò pé kí a lọ wo oṣù ní pápá ilé ìwé tó wà lókè. Nígbà tí a débẹ̀, ìkùukùu ti bo gbogbo ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn wọ̀, a ò rí i bó ṣe wọ̀. A dúró. Mùrí ń yán, ó ní ebi ń pa òun. Àmúdà tẹjú mọ́ sánmà bó ṣe máa ń tẹjú mọ́ aṣọ. Èmi ń ro kásẹ́ẹ̀tì. Mo ń rò ó pé Abọ́dúnrìn yóò gbé e lọ, pé n kò ní rí i mọ́ láyé mi. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti nà síwájú. Mo ní, "Òun nìyẹn, lórí igi àràbà yẹn."

Mùrí wo ibẹ̀, ó wo ojú mi. Ó ní, "Ṣé o rí i lóòótọ́?"

"Ìwọ ńkọ́?"

"Bí o bá ti rí i, mo rí i." Mùrí nìyẹn lẹ́bàá òpó, ó ń wolẹ̀. N kò bá a wí. Èmi ni mo kọ́kọ́ nàka.

Àmúdà yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó nu ojú. Ó ní, "Apá ibo? Fi hàn mí dáadáa, Gàní." Mo tún nàka sí ìkùukùu. Mo ní ó ti ń wọ̀, kó yára. Ó ní, "Èmi ò mà rí nǹkan kan."

Nígbà tí a dé iwájú Bàbá Alájì, ilé ti kún. Wọ́n bi mí pé, "Gàníyù, ṣé o lè jẹ́rìí sí i lójú Ọlọ́run?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Mo jẹ́rìí, sà. Mo rí i kedere." Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu mi, mo rántí ibi tí mo ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ti jáde. Mùrí náà jẹ́rìí. Wọ́n wá kọjú sí Àmúdà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ìkùukùu nìkan lèmi rí." Ẹnì kan láàárín èrò ní ojú onífọ́tò ló rí i, ojú tó ń wo inú kámẹ́rà kò lè ṣì í. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Alájì ní, "Àmúdà, lọ tọ́jú ojú rẹ o." Kò pẹ́ sígbà náà ni rédíò kéde pé wọ́n ti rí oṣù ní òkè Ọya. Ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé Ọlọ́run ti bò mí láṣìírí, oṣù kúkú lé lóòótọ́, kí ni irọ́ mi bà jẹ́? Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn tan ara mi jẹ fún ọdún méje. Bí rédíò kò bá sọ bẹ́ẹ̀, bóyá ẹnì kan ì bá bi mí ní ìbéèrè kejì. Àmúdà ni rédíò yẹn dá lẹ́bi.

Ìyá Hàbíbátù ká aṣọ funfun, Abọ́dúnrìn so ẹ̀rọ pọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo Ọkọ̀ Òkè. Kí n má purọ́ mọ́, eré náà kò rí bí mo ṣe rántí rẹ̀. Páálí tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ni ọkọ̀ ọ̀hún, mo tilẹ̀ rí okùn tí wọ́n fi so ó kọ́. Síbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, àfi ìgbà tó kan ọ̀gá tó ń nàka. Ó ní, "Òun nìyẹn," iná sì lọ. Kò padà dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Lẹ́yìn tí a kírun Yídì tán, Abọ́dúnrìn gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Orúkọ Àìróṣù ti lẹ̀ mọ́ Àmúdà kí a tó kúrò ní Yídì. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tí ẹ̀yin kò rántí ni pé ìyá rẹ̀ fọ́jú kí ó tó kú, ẹ̀rù pé òun náà yóò fọ́jú sì ti ń bà á láti kékeré.

Ibi tó burú jù nìyí. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga tí mo ń fi yàwòrán ènìyàn. Ó ní, "Gàní, a kì í tan ara wa. Ṣé o rí oṣù yẹn? Bí o kò bá rí i, mi ò ní bínú. Ńṣe ni n óò dúpẹ́." Ó fa abẹ́rẹ́ yọ lára fìlà rẹ̀, ó fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Wò ó, mo ṣì rí èyí. Báwo ni mi ò ṣe wá rí oṣù?"

Ẹ̀yin ará, ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún mi yẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Mo ro ojú tí Bàbá Alájì yóò fi wò mí, mo ro bí wọ́n ṣe ń pè mí ní Olójú Kámẹ́rà káàkiri ọjà. Mo ní, "Mo rí i, Àmúdà. Ìríran òkèèrè ló máa ń kọ́kọ́ lọ kí ti ìtòsí tó tẹ̀ lé e. Bóyá bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún Màmá nìyẹn." N kò mọ nǹkan kan nípa ojú. Mo kàn sọ ọ́ ni. Ó rọra ti abẹ́rẹ́ padà bọ fìlà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ.

Láti ìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá aṣọ aláṣọ padà. Ó ní òun kò fẹ́ kí ojú òun kú sórí agbádá ẹni ẹlẹ́ni. Ṣẹ̀fíátù ìyàwó rẹ̀ wá kúnlẹ̀ nílé mi, ó ní, "Bàbá Nàfísátù, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Tiyín nìkan ló lè gbọ́." Mo ní n óò lọ. N kò lọ. Nígbà tó yá, wọ́n kó lọ sí oko bàbá rẹ̀ ní Kuta, bí wọ́n bá sì ti ń dárúkọ rẹ̀, mo máa ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí Bàbá Alájì fi ipò yìí lọ̀ mí, mo gbéra, mo lọ sí Kuta. Láti òkèèrè ni Àmúdà ti ń jú ọwọ́ sí mi. Ó ní, "Mo ti rí ọ láti ìsàlẹ̀ odò yẹn. Kí ló ṣe ẹsẹ̀ òsì rẹ tó o fi ń tiro?" Ìṣó ló gún mi. N kò tíì jókòó tí omi ti ń bọ́ lójú mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó gbọ́ ọ tán, kò pariwo. Ó bi mí pé, "Ọkọ̀ Òkè yẹn, ibo ló parí sí?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀. Iná lọ."

Mo ti ra abẹ́rẹ́, òwú àti aṣọ dání lọ, ìwà òmùgọ̀ mi ní kí n wí pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó gbà á, ó fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá fẹ́ fi gún aṣọ, abẹ́rẹ́ bọ́. Ó ṣà á, ó tún bọ́. Ọkọ́ ti jẹ́ kí gbogbo ìka rẹ̀ le. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó ní, "Ojú kọ́ o, Gàní. Ọwọ́ ni." Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ebè, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Lọ sọ ọ́ níbi tí o ti purọ́ rẹ̀ ná. Bí o bá sọ ọ́ tán, kí o wá."

Mo ti sọ ọ́. Bàbá Alájì, ẹ foríjì mí, sà, ẹ̀rí tí mo jẹ́ níwájú yín, èké ni. Ẹ̀yin èwe, bí gbogbo ayé bá ń rí nǹkan tí ẹ̀yin kò rí, ẹ ní ẹ kò rí i. Ẹni tó bá sì ti mọ̀ pé òun purọ́, kó má dúró de ìbéèrè kejì, nítorí irọ́ tí mo pa fún Àmúdà ní ṣọ́ọ̀bù ló burú ju ti pápá lọ. Ọ̀la ni mo ń padà sí Kuta, n kò sì mọ ohun tí yóò sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é ní Àìróṣù mọ́. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò máa bá yín wo oṣù, ẹ ránṣẹ́ sí i. Ìkùukùu ló wà lójú sánmà lọ́jọ́ yẹn, nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ló sì sọ pé ìkùukùu lòun rí.