Ìyàwó Mi Ka Lẹ́tà Tán Kí N Tó Wọ Awò

Ìjókòó kọ́, olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́, tí mo bá jókòó inú mi á rọ̀. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ ìyàwó mi bí wọ́n ṣe ń sáré kàwé nínú yàrá yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Obìnrin kúkúrú, ẹlẹ́rìn-ín, ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àwọn aláìsàn sí. Ẹ ti rántí ẹ̀. Ẹ máa rántí ẹ̀ náà ni, ẹ̀yin lẹ ní òun ló yára jù ní kíláàsì. Ó ti sọ ọ́ fún mi nígbà mọ́kànlá.

Ilé mi lẹ dàrú. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn.

Mi ò ní ẹ̀kọ́ yín ò dáa o. Ó ṣe ìdánwò ìgbéga, ó yege, wọ́n ti fún un ní tábìlì tó ní kọ́kọ́rọ́. Inú mi dùn sí kọ́kọ́rọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo èmi náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wà ní ilé ìtẹ̀wé, èmi ni mo ń wá àṣìṣe inú ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Màá gbé rúlà sábẹ́ ìlà kan, màá ka ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, màá wá sún un sísàlẹ̀. Bàbá Rúlà ni wọ́n ń pè mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ka ìwé ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ka ara páálí ọṣẹ. Irú èmi yìí lẹ wá lọ fi asáré kàwé tì lẹ́gbẹ̀ẹ́?

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin ni. Ó ń bá wọn wọn ilẹ̀ fún ọ̀nà tuntun kan nínú igbó tí fóònù kì í gbé, ìdí nìyẹn tó fi ń kọ lẹ́tà sí wa lóṣooṣù, ojú ìwé mẹ́fà, méje. Tí lẹ́tà bá dé, ìyá ẹ̀ á di apá òsì mú, èmi á di apá ọ̀tún mú, a ó máa kà á lọ. Ibi tó bá ti pa wá lẹ́rìn-ín, a jọ ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni. Tí a bá kà á délẹ̀, á wojú mi, màá mi orí, á ṣí i. Ọdún mẹ́rin la ti ń ṣe é, a ò ṣèpàdé lé e lórí rí.

Lẹ́tà wá dé lọ́jọ́ Ajé. Mo ní kí n wọ awò ojú mi. Olùkọ́, etí kan ṣoṣo ni awò náà tíì kàn tí obìnrin yìí fi ká lẹ́tà, tó ní, “Dádì, àlàáfíà ló wà, ó ti lóyún oṣù mẹ́ta, ó ní kí n kí yín.” Ó dìde, ó lọ bu omi mu.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ nìyẹn, bí ìgbà tí wọ́n ń kéde ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra ni mo ṣe gbọ́ ọ. Mo bi í pé báwo lọmọ náà ṣe sọ ọ́, kí ló kọ́kọ́ sọ? Ó ní òun ò mọ̀, kókó lòun mú. Ó ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ka ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà ìkẹyìn ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ojú fo àárín. Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀? Ó dáa, mo dúpẹ́ pé ẹ ò purọ́.

Inú bá bí mi. Mo gba lẹ́tà, mo gbé rúlà, mo wọ yàrá. Mo pinnu pé ojú ìwé kan lójúmọ́ ni màá máa kà, kí n fi bí wọ́n ṣe ń gbádùn lẹ́tà ọmọ hàn án. Ajé, ìkíní. Ìṣẹ́gun, ìkejì. Ọjọ́rú, ìkẹta. Ní Ọjọ́bọ̀, mo wà lórí ìkẹrin, ó dùn gan-an, wọ́n kanlẹ̀kùn. Ọmọ mi ló dúró síta, àti àpótí ẹ̀, àti ikùn ẹ̀.

Ó ní, “Bàbá mi, ṣé ẹ ò ka lẹ́tà mi ni?”

Mo ní, “Mò ń kà á lọ́wọ́.”

Ìyá ẹ̀ ní, “Èmi ti kà á tán.”

Olùkọ́, wákàtí méjì lọmọ náà fi dúró ní ibùdókọ̀, fóònù ẹ̀ ti kú, ó ń wo ọ̀nà wa. Ó gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi, ó ṣí ojú ìwé karùn-ún, ó kà á sí wa létí bí ẹni ń ka ẹ̀sùn. Agbedeméjì ìpínrọ̀ ló wà: òun ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí a wá pàdé òun, dókítà ní òun ò gbọdọ̀ gbé ẹrù. Ìyá ẹ̀ ń wo ilẹ̀. Èmi náà ń wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé, ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ jọ wo ibì kan náà.

Ọmọ ń padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́tà mìíràn á dé. Ìyá ẹ̀ ní òun ń bọ̀ wá bá yín lọ́la, kí ẹ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń rọra kà á. Èmi ní tèmi, mo gbéra nílé láti wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré kà á. Àfi ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà yín ni mo rò ó pé, tí ẹ bá kọ́ àwa méjèèjì yanjú, èmi ni màá kà á tán tí òun á ṣì wà lórí “Ẹ̀yin òbí mi ọ̀wọ́n.” Ta ni màá wá bá rẹ́rìn-ín?

Nítorí náà, ẹ ò gbọdọ̀ kọ́ ẹnì kan láìsí ìkejì. Bẹ́ǹṣì kan, ìwé kan, kí ẹ sì gbé aago yẹn kúrò lára ògiri. Ẹ mú bírò, ẹ kọ orúkọ wa sílẹ̀ kí n rí i. Ẹ rọra kọ ọ́, mo ti fẹ̀yìn tì.